Ọ́ìlì Síńtẹ́tíìkì àti Ọjọ́ Tí Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ mu rẹ́gí. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ti ń kọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé bí ọkọ̀ bá ti rin 5,000 kìlómítà, tàbí tí oṣù mẹ́ta bá ti pé, kí a da ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì nù, kí a sì rọ tuntun sí i. Lóde òní, ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní síńtẹ́tíìkì ti gbòde. Àwọn tí ń tà á sọ pé ọkọ̀ lè fi rin 10,000 kìlómítà, àní 16,000 kìlómítà, kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́? Èrò tèmi ni pé ọ́ìlì náà dára, kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a rà á. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ sún ọjọ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì jìnnà láìkọ́kọ́ wo irú ọ̀nà tí ọkọ̀ wa ń tọ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ni ó ń yí lára irin. Ọ́ìlì ni ó ń wà láàrin wọn kí wọn má baà jẹ ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò, ó ń fọ ìdọ̀tí, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ni òun náà ń gbó. Ooru ń sun ún, eruku àti èéfín ń dà pọ̀ mọ́ ọn, omi àti bẹtiróòlù ń yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn èròjà tí ó fi ń fọ ẹ́ńjìnnì sì ń tán lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, yóò ki bí ẹrẹ̀, yóò sì dí àwọn ihò tóóró tí ó ń gbà kọjá.

Òtítọ́ ni pé síńtẹ́tíìkì lágbára ju ọ́ìlì àtijọ́ lọ. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fọ ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Ní ti síńtẹ́tíìkì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ń to èròjà rẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n tún èyí tí ó ti inú epo rọ̀bì wá ṣe títí yóò fi yí padà pátápátá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n àwọn ará Jámánì, wọ́n ṣe irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1974 ni Mobil 1, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ́jà wa, jáde. Ooru kì í tètè sun síńtẹ́tíìkì, kì í sì í tètè ki.

Àwọn tí ó fẹ́ kí ọjọ́ pípààrọ̀ rẹ̀ pẹ́ ní ẹ̀rí méjì tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni owó: kí ẹni tí ń pààrọ̀ ní 16,000 kìlómítà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ń pààrọ̀ ní 5,000 ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Èkejì ni ìmọ́tótó: ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tí a dà nù ni wọ́n ń dà sí gọ́tà, tí òjò sì ń gbá lọ sínú odò àti kànga. Bí a bá dín iye ìgbà tí à ń pààrọ̀ ọ́ìlì kù, èérí yóò dín kù.

Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ já. Kìlómítà ni àwa ń kà, ṣùgbọ́n wákàtí ni ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́. Wo ọkọ̀ méjì. Èkíní ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ní ọ̀nà tí ó já geere. Wákàtí 200 ni yóò fi rin 16,000 kìlómítà. Èkejì ń wọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, tí kò lè rìn ju 10 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Wákàtí 1,600 ni yóò fi rin iye kan náà. Ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn! Jẹnẹrétọ̀ ilé rẹ kì í kúrò lójú kan, síbẹ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ń gbó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan tí iná rẹ̀ kò kú. Tún fi eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kún un.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pàápàá mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, Toyota fi 16,000 kìlómítà tàbí ọdún kan sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tí ń lo síńtẹ́tíìkì. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà eléruku, tàbí tí ń ṣiṣẹ́ takisí, 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ. Èwo nínú méjèèjì ni ó jọ ọ̀nà tiwa?

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo fi lára owó ìfẹ̀yìntì mi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan. Ẹni tí ó ta síńtẹ́tíìkì fún mi ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ́ìlì títí ọdún yóò fi yí po. Mo gbà á gbọ́, n kò sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò fún oṣù mẹ́sàn-án. N kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, iná pupa ọ́ìlì tàn. Kí n tó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ, gbígbẹ ni ó gbẹ. Owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn mi ni mo fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, ọmọ náà sì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Ọ́ìlì náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Kí wá ni ṣíṣe? Ka ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá, kí o sì ra irú ọ́ìlì tí ó dárúkọ. Ọwọ́ ẹni tí o mọ̀ ni kí o ti rà á, nítorí pé àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì tí a ti lò, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tí ó ń dán. Bí ó bá jẹ́ síńtẹ́tíìkì gidi, má jẹ́ kí ó kọjá 8,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì yọ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù. Má sì da ọ́ìlì àlòkù sí gọ́tà.

Bóyá ìwọ tí ò ń ka àròkọ yìí kò tíì ní ọkọ̀. Bàbá rẹ lè ní, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń fi takisí wá oúnjẹ òòjọ́. Bá wọn fa ọ̀pá náà yọ ní òwúrọ̀ Sátidé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ́ìlì tí ó dára lè fi oṣù díẹ̀ kún ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú kún ojú ọlọ́kọ̀ tí kì í wò.