Ẹ Má Tètè Pe Ọmọ Lólè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta aṣọ. Tẹ́lẹ̀ rí, kò ní ìwé gbèsè. Orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́dún tó kọjá, owó ọjà sọnù. Ìyá ní ọmọbìnrin tí ń bá òun tajà ló jí i. Èmi tí wọ́n pè láti dá ẹjọ́, mo jágbe mọ́ ọmọ náà títí ó fi sunkún. Ní ọjọ́ kẹta la rí owó nínú àpò gàrí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn mìíràn ní ó ti ń ṣarán. Mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gidigidi, ó sì ti ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́.

Mo wá kàwé sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í fara kan ara wọn. Àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn, bí odò tó la abúlé méjì. Bí ìròyìn bá dé etí odò, kálísíọ̀mù a wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà, àwọn àpò kéékèèké tó wà níbẹ̀ a sì tú èròjà wọn sínú àlàfo. Èròjà yìí ni ọkọ̀ tí ń gbé ìròyìn dé òdìkejì.

Ní 1921 ni Otto Loewi fi irú èyí hàn ní ìlú Graz, ní ilẹ̀ Austria. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ojú àlá ni ọgbọ́n náà ti wá. Ó mú ọkàn àkèré méjì. Ó ru iṣan tí í mú kí ọkàn rọra lù sókè nínú èkíní, ọkàn náà sì rọra ń lù. Ó bu omi tó wà lára rẹ̀ sí èkejì, òun náà sì rọra ń lù. Acetylcholine ni orúkọ èròjà náà. Ó wà nínú ọpọlọ wa pẹ̀lú, ó sì máa ń dín kù bí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer bá múni. Ní 1936, Loewi àti Henry Dale ará Ìlú Ọba jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Ní 2001, àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde: àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ṣùgbọ́n ó ń mú wa náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn, ẹ máa sùn dáadáa, ẹ sì máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ gbèsè sílẹ̀. Bí àgbà bá ń gbàgbé, ẹ má wá àjẹ́, ẹ wá dókítà.

Ìyá ń lo oògùn rẹ̀. Dókítà kò ṣèlérí pé gbogbo ìrántí yóò padà. Ní tèmi, mo pe ọmọbìnrin náà, mo sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé. Ó ní, "Ó ti tán, Tíṣà." Ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lójú mi.