Gbèsè Ọsibítù Kì í Ṣe Ọgbọ́n

Bí ìyá àgbà kan bá fẹ́ ti Òkè-Ogbo ní Ilé-Ifẹ̀ lọ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́. Wọn yóò di ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀gúsí, wọn yóò sanwó físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí kì í sí nínú ẹrù náà ni ìwé adójútòfò ìlera. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó ń lọ sí Faransé tàbí Jámánì kò lè rí físà láìní èyí tó tó 30,000 yúrò, ó sì ń rà á láìjanpata. Kì í ṣe àìlówó ló fa ti Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá dá ìyá dùbúlẹ̀ ńkọ́? Yàrá pàjáwìrì kì í gbowó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, ìṣirò bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin ọdún 2015 ní kí àlejò láti orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà san iye tí ìtọ́jú náà jẹ́, kí ó sì fi ìdajì rẹ̀ lé e. Gbèsè tó bá tó 500 pọ́n-ùn, tó sì lo oṣù méjì, ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní físà.

Àwọn kan ní òyìnbó ti kó ẹrù Áfíríkà lọ tó; wọ́n ní dókítà àti nọ́ọ̀sì tí owó Nàìjíríà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbèsè ti pa gbèsè rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìdajì tí wọ́n ń fi lé owó náà sì korò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé owó ọsibítù. Ìgbà tí bàálù bá balẹ̀ sí Ìkẹjà tán ni ìtàn amúnisìn tó ń yé wọn!

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi gbèsè ṣeré báyìí. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, bí ológò ṣe ń dógò ti onígbèsè: yóò jókòó sí ilé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ àti ẹran tó bá rí jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo agboolé, tí wọn yóò sì san án. Ológò òde òní kò pa adìẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé ìrìnnà ló ń dógò tì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni àwọn ọsibítù ibẹ̀ ti gbọ́dọ̀ gbowó ṣáájú lórí ìtọ́jú tí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó sá lọ.

Nílé ńkọ́? Wọ́n ṣì ń dá abiyamọ dúró sí wọ́ọ̀dù ní Nàìjíríà nítorí owó tí kò tó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Òun kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ọmọ tó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ ni kí ó ra ìwé adójútòfò náà, kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ó sì sọ àìsàn ìyá láìfi bò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n bá fi pamọ́ ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò dì mú tí kò fi ní sanwó.