Kí A Rí Òǹtẹ̀ Kí A Tó San Owó: Ọ̀rọ̀ Ilé Àwọn Àgbà ní Wàrì

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya,

Ó di ìpàdé mẹ́ta tí a ti ń jíròrò lórí ilẹ̀ kan ní Airport Road ní Wàrì, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ìlú náà rí fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà sí. Wọn yóò yá orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Òyìnbó lò, wọn yóò máa san owó orúkọ náà lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wá ra ìpín. Èmi kò lòdì sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pẹ́ níhìn-ín, àwọn ọmọ ti fọ́n káàkiri, a kò sì mọ ẹni tí yóò bu omi fún wa mu lọ́jọ́ alẹ́. (Àwọn kan ní ìwà Òyìnbó ni ilé bẹ́ẹ̀, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n mo ní kí a má san kọ́bọ̀ kan títí a ó fi rí ìwé àṣẹ ìkọ́lé.

Àwòrán aláràbarà tí wọ́n fi hàn wá kì í ṣe ìwé àṣẹ. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ya á. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga ní Kánò rí mọ̀ bí a ti ń wa ilẹ̀ jìnnà kí a tó kan omi. Ní Wàrì, òjò pọ̀, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ àti sókawèé ibẹ̀ gba ìmọ̀. Ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tí ìjọba Nàìjíríà mọ̀ ni kí ó tún un yà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan dìde ní ìpàdé, ó ní Àbújá ti fọwọ́ sí i. Kí ni Àbújá fọwọ́ sí? Òfin 1979 ní kí a forúkọ àdéhùn bí irú èyí sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP láàárín 60 ọjọ́ tí a bá ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyẹn, kì í ṣe ti ilé. Òfin ìṣètò ìlú ti 1992 ni ó ní kí a gba àṣẹ kí a tó kọ́lé, tàbí kí a tó sọ ilé gbígbé di ohun mìíràn. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì sọ ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà. Ìjọba Delta ni kí a wò. Kí a sì mọ̀ bóyá ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Wàrì tàbí ti Uvwie ni ilẹ̀ náà bọ́ sí, nítorí ìlú méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ẹni tó bá rántí ìjà Wàrì ti 1997 mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ kì í ṣe eré níbẹ̀.

Mo tún rí àtẹ̀gùn nínú àwòrán náà, n kò rí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan. Báwo ni arúgbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn yóò ṣe dé òkè? Òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fi òǹtẹ̀ lu àwòrán ilé ìlò gbogbo ènìyàn tí kò bá ìlànà ìkọ́lé mu san ó kéré tán mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí méjèèjì. Òṣìṣẹ́ wo ni yóò ti ọrùn bọ̀ ọ́ nítorí tiwa?

Wọ́n ní bí a bá dúró de ìwé, símẹ́ńtì yóò wọ́n sí i. Òótọ́ ni, fáìlì a sì máa pẹ́ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ní Jos níhìn-ín, ní ọjọ́ 12 oṣù July 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Busa Buji, ó pa ènìyàn 22, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn yá nìyẹn. Ìyá arúgbó tí kò lè dá dìde ńkọ́?

Mo bẹ akọ̀wé kí ó kọ̀wé sí àwọn ará wa náà, kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀, àwòrán tí wọ́n tún yà, àti ìwé àṣẹ Delta wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá mú wọn wá, èmi ni n ó kọ́kọ́ san owó ìpín tèmi.