AKỌ́NIMỌ̀Ọ́GBÁ NÁÀ, ÒṢÌṢẸ́ NI

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sídìí eré. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an ni.

Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ kọjá ní àárọ̀ Mọ́ńdè, tó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, yóò gbọ́ ọ. Bí 3SC bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ariwo kan náà ni láti Ọjà'ba dé Mápó, láti Mápó dé Bẹyẹrúnka: "Ẹ lé kóòṣì yẹn dànù!" Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo yìí. Káàdì ẹgbẹ́ wa wà lápò àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó dìde ní ọjọ́ Ẹtì pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ lé èèyàn láìsí lẹ́tà, òun náà ló ń bẹ ọ̀gá mìíràn ní ọjọ́ Àìkú pé kó lé èèyàn láìsí lẹ́tà. Àwa ní ẹ̀ka yìí sọ pé kò dára, ìdí rẹ̀ la sì fẹ́ là sílẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GBÀ WỌ́N SÍṢẸ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ yìí ti rí, pàápàá ní àwọn líìgì kéékèèké tó wà lábẹ́ líìgì àgbà. Ìbàdàn mọ ibẹ̀ dáadáa: 3SC já sílẹ̀ ní 2017, kò sì padà sí líìgì àgbà títí di 2021. Ní irú ibẹ̀, alága ẹgbẹ́ á tẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá láago: "Máa bọ̀ lọ́la." Ó dé, wọ́n fi í han àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ya fọ́tò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ńkọ́? "Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́." Owó oṣù ńkọ́? "Má ṣèyọnu, wọ́n á tó fọwọ́ sí i." Oṣù kan á lọ, méjì á lọ, ìkẹta á wọlé. Bí ẹgbẹ́ bá wá ń pàdánù, gbèdéke á dé: "Gba àmì mẹ́rin nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ." Nígbà tó bá yá, orí rédíò ni ọkùnrin náà yóò ti gbọ́ pé wọ́n ti dá òun dúró. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ kò sí nínú ìkéde náà.

A kò sọ pé gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń ṣe báyìí. Àmọ́ àṣà yìí ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kì í ya ẹnikẹ́ni mọ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan kọ́ ló ń lọ. Igbákejì rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ aṣọ́lé ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ń bẹ níbẹ̀. Owó tiwọn kéré, orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń san owó ilé, wọ́n ń san owó ilé ìwé ọmọ bíi tiwa. Nígbà tí ẹ bá pariwo "Ẹ lé e!", orí àwọn wọ̀nyí náà lẹ ń pariwo lé.

WỌ́N FÚNRA WỌN LÓ NÍ IṢẸ́ NI

Àwọn kan á ní eré ni bọ́ọ̀lù, kí ni ti ìwé àdéhùn nínú eré? Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ta ló sọ ọ́ di iṣẹ́? Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí ni. Láti 1990 ni wọ́n ti sọ líìgì wa di ti àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wá ilé iṣẹ́ tí yóò fi owó polówó ọjà lára jẹ́sì. Ibi tó bá di owó tó ń wọlé, wọ́n ní iṣẹ́ ni. Ibi tó bá di owó oṣù ẹni tó ṣiṣẹ́, wọ́n ní eré ni. Irú eré wo nìyẹn?

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí 3SC ti wá. Ọmọ ilé iṣẹ́ ni. WNDC ni wọ́n ń pè é níjọ́sí, orúkọ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ó di IICC, orúkọ àjọ tó ń yá àwọn ilé iṣẹ́ lówó. Orúkọ IICC yìí ló ń jẹ́ ní 1976, nígbà tó ṣẹ́gun Tonnerre ti Yaoundé, tó sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gbé ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wálé. Leventis United náà, tó gba ife líìgì wá sí Ìbàdàn ní 1986, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Inú ọgbà iṣẹ́ ni wọ́n ti bí bọ́ọ̀lù ìlú yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò kan bọ́ọ̀lù, kó lọ bi àwọn bàbá rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ mọ ohun tí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa wí. Abala 7 ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí yóò máa san án. Abala 11 sọ iye ìkìlọ̀ tó yẹ kí èèyàn gbà kí iṣẹ́ tó bọ́: ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan; ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ó kéré o, ṣùgbọ́n ó sàn ju ká gbọ́ ọ lórí rédíò.

Òfin yìí ní ihò kan. Ó ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sí lára àwọn òṣìṣẹ́ tí òun ń sọ. Inú ihò yẹn ni àwọn alága máa ń sá sí: "Kóòṣì kì í ṣe lébìrà." Ọgbọ́n yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Bí ọ̀gá kan bá fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, á fún un ní oyè tuntun, á pè é ní súpáfáísọ̀. Owó rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹgbẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ kan ṣì wà, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìgbà àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè ti 2010, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ agbanisíṣẹ́ àti ẹni tó gbà síṣẹ́ ń lọ, lébìrà ni o, mànéjà ni o, ó sì ń jókòó ní Ìbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí kò ní lẹ́tà yóò gbé síwájú adájọ́? Ṣé fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n gbà á?

ÀLEJÒ RÍBI LỌ, ỌMỌ ONÍLÉ KÒ RÍBI LỌ

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè pátápátá. Ní oṣù Kejìlá 2021, àjọ NFF dá Gernot Rohr dúró. Àlejò ni, ìwé àdéhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ sí FIFA. Ní 2022, FIFA pàṣẹ kí wọ́n san owó tó lé ní $377,000 fún un. A kò bínú sí Rohr. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló gbà. Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa. Stephen Keshi gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2013. Ọdún náà kò tíì parí tí ìròyìn fi gbòde pé ó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó oṣù gbà. Sunday Oliseh fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì 2016. Owó iṣẹ́ tí wọn kò san wà lára ohun tó kà sílẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ẹni tí gbogbo ayé ń wò, kí ni wọn kò ní ṣe sí igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní líìgì kejì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀?

Láti oṣù Kìíní 2021, FIFA ti ní òfin lórí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, tó kọ̀wé sí wọn, tó fún wọn ní ọjọ́ 15, tí wọn kò sì san, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi wọ́n sílẹ̀ kó sì béèrè owó gbà-má-bínú. Ó dára. Àmọ́ ẹjọ́ tó bá kan àlejò àti ẹgbẹ́ onílé ni FIFA ń gbọ́. Bí ọmọ Ìbàdàn bá ń bá ẹgbẹ́ Ìbàdàn ṣẹjọ́, ilé náà ni wọ́n á ní kó padà sí, níbi tí ojú ti mọ ojú, tí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù kò ti ní rí iṣẹ́ mìíràn.

"ẸJỌ́ RẸ̀ NI, Ó Ń PÀDÁNÙ"

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ jù. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ni ká fi èyí bi. Bí ọ̀gá bá fún yín ní ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, tí táyà rẹ̀ ti jẹ dé wáyà, tí kò fún yín lówó epo, tó wá ní bí ẹ kò bá dé Èkó ní wákàtí kan iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kí lẹ ó sọ? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọn kò san owó agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì òru gbé wọn lọ sí òkè Ọya, tí wọ́n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò san owó jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ẹni tó dúró lẹ́bàá pápá ni ẹ ń sọ ọ̀rá omi lù.

Ẹ sì jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹgbẹ́ 20 bá wà nínú líìgì kan, ẹyọ kan ni yóò gba ife. Bí gbogbo ẹni tí kò gbà á bá jẹ́ ọ̀lẹ tó yẹ kí wọ́n lé, a jẹ́ pé èèyàn 19 ni kò ní iṣẹ́ lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ wo ló ń tò báyìí?

Àwọn mìíràn á béèrè pé, ṣé a wá ní kí wọ́n fi ẹni tí kò mọ iṣẹ́ jókòó títí ayé ni? Rárá o. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò bá mọ iṣẹ́, kí wọ́n pè é, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ tí ìwé àdéhùn sọ, kí wọ́n san gbogbo owó rẹ̀, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. Ohun tí a ń béèrè fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà nìyẹn.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC, ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Nítorí náà, ìjọba là ń bá sọ̀rọ̀ ṣáájú:

1. Kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gba lẹ́tà kí wọ́n tó fẹ fèrè ìdárayá ọjọ́ kìíní.

2. Kí owó oṣù wọn máa wọlé lóṣooṣù, bí ti òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù.

3. Kí wọ́n fòpin sí gbèdéke ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àti ìdádúró orí rédíò.

4. Kí líìgì má gba orúkọ ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ fún ọdún tuntun bí ó bá ṣì jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lé lọ ní gbèsè.

5. Kí ẹgbẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá di ẹgbẹ́ tó lè jókòó síwájú agbanisíṣẹ́, tí yóò gba igbákejì àti olùkọ́ aṣọ́lé mọ́ra, kó má jẹ́ ti àwọn olórúkọ ńlá nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní England, wọ́n ti fi òdiwọ̀n dí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́ £20 lọ́sẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, dúró ṣinṣin títí wọ́n fi fòpin sí i ní 1961. Ní 1992, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Níbí ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ló fi ojúrere gbé owó oṣù tó kéré jù láti ₦30,000 dé ₦70,000 ní 2024 ni? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ará, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìjọba tó bá ti mọ̀ pé òun lè lé èèyàn láìsí lẹ́tà, kí ìlú sì pàtẹ́wọ́, yóò dán an wò lára olùkọ́, lára nọ́ọ̀sì, lára awakọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tún lọ sí pápá Lekan Salami ní Adámásíngbà, tí bọ́ọ̀lù kò sì lọ bí ẹ ti fẹ́, ẹ kígbe, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ yí ojú ariwo yín sí ibi tí àwọn aláṣẹ jókòó sí, kí ẹ sì bi wọ́n: "Ṣé ẹ ti san owó wọn?"

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!