Àlàfo Àárín Ṣọ́ọ̀ṣì àti Gbọ̀ngàn Àríyá: Ta Ni Ìtọ́jú Àlejò Já Lé Léjìká?

Wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí àlùfáà bá súre fún tọkọtaya tán àti ìgbà tí wọ́n bá jó wọ gbọ̀ngàn àríyá ló ń ba ọ̀pọ̀ ìnáwó tó dára jẹ́. Lórí ìwé ìpè, wọ́n á kọ ọ́ pé ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 òwúrọ̀, pé ìgbàlejò yóò sì tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìsìn a parí ní nǹkan bí aago 12. Ní aago 2, àlejò ti jókòó sí gbọ̀ngàn. Aago 4 lè lù kí ẹnikẹ́ni tó rí ìyàwó sójú.

Àlàfo yìí kì í ṣe àṣà àtijọ́. Níbi ìdána, ilé bàbá ìyàwó tí alága ìjókòó àti alága ìdúró ti ń dápàárá náà ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá. Kò sẹ́ni tó ń kúrò lábẹ́ àtíbàbà láìjẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìgì tí wọ́n bá so nínú gbọ̀ngàn kan náà tí wọ́n ti fẹ́ jẹ wòlímọ̀. Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló pín ayẹyẹ ọjọ́ kan sí ojú méjì. Síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbọ̀ngàn iléèwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iwájú ilé bàbá ọkọ ni wọ́n ti ń ṣe àríyá, ẹsẹ̀ ni àlejò fi ń rìn débẹ̀. Láti ìgbà tí gbọ̀ngàn ńláńlá tí wọ́n ń fowó gbà ti gbòde ni ẹbí ti lè jọ́sìn ní Agége kí wọ́n sì lọ gba gbọ̀ngàn sí Lẹ́kí. Afárá Third Mainland tí wọn yóò gbà kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ orí rẹ̀ kò sì mọ ọkọ̀ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ̀ ajé.

Ká tilẹ̀ ní ojú ọ̀nà dá, àwọn ohun mìíràn ṣì ń jẹ àkókò. Lẹ́yìn tí tọkọtaya bá ti fọwọ́ sí ìwé tán, onífọ́tò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹbí ọkọ, ẹbí ìyàwó, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ọmọ kíláàsì, àwọn ará ibi iṣẹ́. Wọ́n á ti tò tán kí ẹnì kan tó rántí pé ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí láàárín wọn, pé ó wà nídìí ọkọ̀ níta. Wọ́n á dúró dè é. Lẹ́yìn èyí, tọkọtaya nìkan yóò tún kọjá sí ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan fún fọ́tò tiwọn, ìyàwó yóò pààrọ̀ aṣọ, wọn yóò tún ojú rẹ̀ kùn, wọn yóò sì tún gèlè wé. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí ìyàwó tó fẹ́ wọ gbọ̀ngàn tó ṣófo, àwọn àlejò tó sì ti mọ̀ pé ètò kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò kì í tètè dé. Tọ̀tún-tòsì ń dúró de ara wọn. Àwọn díẹ̀ tó gba ohun tí ìwé ìpè wí gbọ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Àwọn kan máa ń di ẹ̀bi náà ru òfin, ṣùgbọ́n òfin kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà gbà kí wọ́n so tọkọtaya pọ̀ nínú ilé ìjọsìn tó ní ìwé àṣẹ láti aago 8 òwúrọ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́; ní ọ́fíìsì ìjọba, láti aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Aago 8 sí aago 6 yìí náà ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélísì kí wọ́n tó mú gbèdéke náà kúrò lọ́dún 2012. Ẹbí tó bá wù lè ṣe ìsìn ní aago 12 ọ̀sán, kí wọ́n wọ gbọ̀ngàn ní aago 2. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìgbéyàwó méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan lè fún wọn ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì máa ń ní ìsìn ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó dípò ti ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ti parí kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni oúnjẹ àríyá. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ṣòro láti yẹ̀ sílẹ̀. Ti Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́fà.

Ohun tí àlàfo náà ń ṣe fún àlejò kọjá kí ó kàn sú wọn. Lórí tábìlì, omi inú ike méjì àti tíṣù ni yóò wà fún ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn ọmọdé á ti fa òdòdó oníke àárín tábìlì tu. Abiyamọ á máa wá ibi tí yóò ti fún ọmọ lọ́yàn. Ìyá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, tó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àwọn tó yí i ká lè rò pé ooru ló ń mú un.

Oúnjẹ náà ń bẹ nínú ewu. Aago 12 ni wọ́n sọ fún alásè, nítorí náà láti ìdájí ló ti ń dáná. Ìrẹsì wọ kúlà ní aago 10, ó di aago 4 kí wọ́n tó bù ú. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé oúnjẹ tí wọ́n ti sè kò gbọdọ̀ wà lásán nínú afẹ́fẹ́ fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ, àti pé èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ ní gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì títí wọn yóò fi bù ú. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn ìrẹsì, tí iná kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, kòkòrò náà lè tú májèlé sínú rẹ̀, àtúngbóná kì í sì í pa májèlé ọ̀hún. Èébì alẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ayé lè jẹ́ ti kúlà.

Àwọn òbí kan gbà pé kò bójú mu kí àlejò jẹun kí tọkọtaya tó wọlé. Ibo ni wọ́n ti rí èyí? Ní ilé Yorùbá, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tó gbé e wá. Ẹni tí wọ́n pè ti di àlejò láti ìgbà tó ti jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí tó wà láàárín sì jẹ́ ti onínàáwó, kì í ṣe ti àlejò. Yálà kí ó dí i pa tàbí kí ó tọ́jú ènìyàn nínú rẹ̀.

Láti dí i, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yíyan gbọ̀ngàn tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bí kò tilẹ̀ lẹ́wà tó ti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, kí ó wà á wò ní ọ̀sán Sátidé, kì í ṣe ní ọjọ́ Àìkú tí ojú ọ̀nà dá. Fọ́tò ẹbí ìyàwó àti ti ẹbí ọkọ lè ti parí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nílé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Fún ìyókù, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pè sílẹ̀ fún onífọ́tò, kí àbúrò kan tí ohùn rẹ̀ lọ sókè sì máa pè wọ́n. Fọ́tò inú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń ya irú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ló wá dé tí wọ́n tún fi ń yà á nígbà tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn ń retí wọn?

Bí àlàfo wákàtí kan bá kù síbẹ̀, kí omi tútù, pọ́fù-pọ́fù, sàmúsà tàbí súyà ti máa lọ káàkiri bí àlejò bá ṣe ń dé. Kí ohùn orin wà nílẹ̀ díẹ̀, kí àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra lè gbọ́ ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹbí Yorùbá kì í ṣe ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo, kí ibi mímọ́ kan àti omi àlùwàlá wà fún àwọn Mùsùlùmí, nítorí ìrun Àlàásárì sábà máa ń bọ́ sí àkókò yìí gan-an. Àga àwọn arúgbó kò gbọdọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ó bá wá jẹ́ wákàtí mẹ́ta, kí wọ́n kọ aago 3 sórí ìwé ìpè láìfi bò. Ẹni tó bá mọ̀ yóò lọ sinmi, yóò sì padà wá. Bí ọ̀nà bá di mọ́ tọkọtaya lójijì, kí adarí ètò sọ ibi tí wọ́n dé, kí ó sì ní kí alásè máa bu oúnjẹ.

Ojúṣe àlejò kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ẹni tó sá fún ìsìn tó wá dé gbọ̀ngàn ní aago 1 kò lẹ́nu láti ráhùn pé kò sẹ́ni. Kí ẹni tó ń lo oògùn ti jẹun kúrò nílé, kí ó sì ní nǹkan ìpanu lápò. Àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kọ́ ló fi ètò falẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ wọn. Ẹni tí kò bá lè dúró mọ́ lè wá ìbátan onínàáwó kan, kí ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ó dágbére, kí ó sì máa lọ. Kò sí àrífín níbẹ̀.