Ẹ̀yin Ẹ̀gbọ́n Wa, Ẹ Má Gbé Iṣẹ́ Gba Ẹ̀yìnkùlé Mọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde ní yunifásítì, tí ẹ sì ti wà lára àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Bí àyè bá ṣí níléeṣẹ́ yín, orí WhatsApp ni ẹ kọ́kọ́ ń gbé e sí: "Ta ló mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán?" Kó tó di ọ̀sán, ọmọ ọ̀rẹ́ yín ti wọlé. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí.

Bẹ́ẹ̀ òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀. Wọ́n dá NDE sílẹ̀ ní 1986, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n òfin NDE ti 1989 tún ní kó máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àyè iṣẹ́ tó bá ṣí, kó sì máa so ẹni tó ń wáṣẹ́ mọ́ ọn. Alárinà ni òfin fi í ṣe. Alárinà wo ló lè wáyàwó fún ọkọ tó ń sá pamọ́ fún un?

Mo mọ èsì yín: "Iṣẹ́ ìjọba ń falẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ni wọn yóò kó wá." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò fún àgbẹ̀ lọ́kọ́, ẹ wá ń bi í pé oko rẹ̀ dà? Ẹni tí ẹ ò sọ irú òṣìṣẹ́ tí ẹ ń wá fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? A ò ní kí ẹ gba gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú wá. Ẹ dán wọn wò, ẹ dá ẹni tí kò kájú ẹ̀ padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí gbogbo wa gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀nà tó là. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2014, àjọ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánwò. Iléeṣẹ́ aládàáni ló bá wọn forúkọ ènìyàn sílẹ̀, 1,000 náírà ni olúkúlùkù san. Àyè iṣẹ́ náà kò tó 5,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó lé ní mẹ́wàá tó kú. Iṣẹ́ ni wọ́n wá o, wọn ò wá jagun. Bí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti ń ṣa orúkọ díẹ̀díẹ̀, kí ni ìbá kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ lọ́jọ́ kan?

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àyè iṣẹ́ tó dé orí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí NDE ìpínlẹ̀ yín. Kí NDE lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta, kí gbogbo ojú rí i. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ jẹ́ ká lọ forúkọ sílẹ̀, ká yé sanwó fún ẹni tó ní òun "mọ ọ̀gá kan".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà wáṣẹ́ rí. Ẹ rántí bàtà tó jẹ tán lẹ́sẹ̀ yín.