Iye tó wà lára páálí káàdì kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù

Bí oníṣòwò kan bá fẹ́ ra káàdì gíráfíìkì sínú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe fídíò ìgbéyàwó tàbí tó fi ń ya àwòrán ilé, ohun àkọ́kọ́ táwọn ọlọ́jà máa ń fi hàn án ni iye kọ́ọ̀, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tó wà nínú káàdì náà. Èyí tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀gá. Ibẹ̀ gan-an lowó ti máa ń sọnù, nítorí pé NVIDIA àti AMD, àwọn iléeṣẹ́ méjì tó ń du ọjà yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kì í ka kọ́ọ̀ wọn bákan náà.

Ọdún 2020 ló fi èyí hàn kedere. NVIDIA gbé RTX 3080 jáde ní 699 dọ́là, kọ́ọ̀ 8,704 ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀. AMD gbé RX 6800 XT jáde ní 649 dọ́là, 4,608 péré ni tiẹ̀. Ẹni tó bá fojú páálí wò ó yóò ní ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi géèmù dán wọn wò, ẹgbẹ́ ni wọ́n; bí eléyìí ṣe ń borí níbí ni tọ̀hún ń borí lọ́hùn-ún. Ìdí ni pé iṣẹ́ méjì ni NVIDIA gbé fún ìdajì nínú àwọn kọ́ọ̀ tó kà. Bí irú ìṣirò kan bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́, wọn kò ráyè fún èkejì. AMD ní tiẹ̀ fi mẹ́mórì kékeré, 128MB, sí àárín ọkàn káàdì náà, kó má baà máa sáré jáde lọ mú ohun tó fẹ́ lò ní gbogbo ìgbà. Bí ìgbà tí olóúnjẹ gbé ata àti iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni, dípò kó máa ránṣẹ́ sọ́jà. Níbi ṣíṣe ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bíi ti ojú ayé, NVIDIA ló fi AMD sẹ́yìn.

Àmọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kì í fi géèmù jẹun. Lọ́dún 2006, tí AMD ń ná bílíọ̀nù 5.4 dọ́là láti fi ra ATI, iléeṣẹ́ káàdì kan ní Kánádà, ni NVIDIA kéde CUDA, ọ̀nà tí sọ́fítíwíà fi lè lo káàdì fún ìṣirò tó yàtọ̀ sí àwòrán. Káàdì NVIDIA nìkan ni CUDA wà fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ló gbé iṣẹ́ wọn lé e, AMD sì ti ń sáré tẹ̀ lé e látìgbà náà.

Ẹni tó ń lo Blender mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń dunni tó. Nígbà tí ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní December 2021, wọ́n yọ ọ̀nà àtijọ́ táwọn káàdì AMD ń gbà ṣe rẹ́ńdà kúrò. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò gba RX 580, káàdì ọdún 2017 tọ́pọ̀ èèyàn rà. Káàdì náà kò bàjẹ́ o, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí sọ́fítíwíà rẹ̀ dúró lórí CUDA kò fi owó ṣòfò bó bá fowó lé e láti ra NVIDIA. Ẹni tó jẹ́ ìwé ìpè ayẹyẹ àti káàdì ìdánimọ̀ ló ń ṣe kò nílò irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí wọ́n má sì ro pé NVIDIA kò ní àbùkù. RTX 3060 tó gbé jáde lọ́dún 2021 ní mẹ́mórì 12GB. RTX 4060 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2023 kò ní ju 8GB lọ. Ahun ni wọ́n ń ṣe yẹn. Síbẹ̀, ẹni tó ń ra iná yóò fẹ́ràn RTX 4060 yìí. 115 wọ́ọ̀tì ló ń jẹ, 299 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà á. RX 7600 tí AMD gbé jáde lọ́dún kan náà jẹ́ 269 dọ́là, ṣùgbọ́n 165 wọ́ọ̀tì ló ń jẹ. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ àṣekára fún wákàtí 8 lójúmọ́, ìyàtọ̀ wọn á di yúnìtì 10 láàárín ọjọ́ 25. Owó 30 dọ́là tí èèyàn rò pé òun jèrè, mítà á máa bá a ná an díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tún mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa rà lópin ọ̀rọ̀, ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn. Láti September 2022 tí Ethereum ti fòpin sí fífi káàdì wa owó jáde, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló bọ́ sọ́jà lágbàáyé, ara wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tójú wọn ti rí. Kí ẹni tó fẹ́ rà gbé iṣẹ́ oníbàárà kan sínú fláàṣì, kó ní kí wọ́n ṣe rẹ́ńdà rẹ̀ lójú òun, kó sì máa wo aago. Kó tún ka orúkọ náà délẹ̀: GTX 1060 ọdún 2016 tó ní mẹ́mórì 6GB ní kọ́ọ̀ 1,280, èyí tó ní 3GB kò ní ju 1,152 lọ, orúkọ kan náà ló sì wà lára àwọn méjèèjì.